Ojú Kejì: Àwọn Tó Ń Yẹ Kóòdù Àwòrán Ọpọlọ Wò

Ẹ mú bébà àti bíírò, kí ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀: 10,000, 10,001 àti 10,002. Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra tó? Ojú lásán ti rí i: 10,001 wà láàárín, ọ̀kan fi 1 kéré sí i, èkejì fi 1 jù ú lọ. Àwọn onímọ̀ sítátísíìkì ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ ìjìnnà yìí di nọ́ńbà kan ṣoṣo. Wọn á yọ iye àárín kúrò lára nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, wọn á fi ohun tó ṣẹ́ kù sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wọn á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn á sì fi iye nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ pín in. Tiwa á fún wa ní 1, òdo àti 1. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 2. A fi 3 pín in, ó di nǹkan bí 0.67.

Ọ̀nà kejì wà. Ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ wá iye àárín èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́yìn náà kí ẹ fi iye àárín nọ́ńbà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò. Lórí bébà, ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí. Ọ̀nà kejì tún yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni kọ̀ǹpútà máa la inú dátà kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ kí kóòdù rẹ̀ sáré kò ní pẹ́ fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ wá gbé e fún kọ̀ǹpútà tó ń fi àyè kékeré pa nọ́ńbà mọ́, irú àyè tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń pè ní float32, tí kò lè di ju nǹkan bí díjíìtì méje mú. 10,001 lọ́nà 10,001 jẹ́ 100,020,001. Díjíìtì mẹ́sàn-án nìyẹn. Bí nọ́ńbà bá ti tóbi tó báyìí, mẹ́jọ mẹ́jọ ni float32 ń fò. Kò rí ibi fi 1 tó gbẹ̀yìn sí, ló bá kọ 100,020,000. Ti 10,002 yẹ kó jẹ́ 100,040,004. Ó kọ 100,040,000. Ti 10,000 nìkan ló bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Iye àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá jẹ́ 100,020,000, ohun tí a sì fẹ́ yọ kúrò lára rẹ̀ náà ti di 100,020,000. Ó ku òdo.

Kọ̀ǹpútà náà kò pariwo. Kò kọ ìkìlọ̀ kankan sójú. Ó sọ fún wa pé nọ́ńbà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra jẹ́ ọ̀kan náà, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan nọ́ńbà tó sún mọ́ra kí àṣìṣe náà lè hàn ketekete; nínú dátà gidi, ìdáhùn lè má di òdo, ó kàn lè fi díẹ̀ ṣìnà, èyí sì burú jù, torí ta ni yóò fura? Ká wá ní nọ́ńbà wọ̀nyẹn jẹ́ ìwọ̀n tí ẹ̀rọ mú láti ibì kan nínú ọpọlọ aláìsàn, tí ẹnì kan sì ti fi ọ̀nà kejì rọ́pò ti àkọ́kọ́ nítorí pé ó yára. Ṣé ẹnikẹ́ni yóò mọ̀ kí àwòrán tó jáde? Àwọn tó ń dènà irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni orí yìí dá lé: àwọn tó ń ka kóòdù ẹlòmíràn, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Kí á tó lè mọ rírì iṣẹ́ wọn, ó yẹ kí á mọ ohun tí àwòrán ọpọlọ jẹ́. Ẹ ti rí i rí nínú ìwé ìròyìn: ọpọlọ aláwọ̀ eérú tí ibì kan pupa tàbí tó pọ́n bí iná ẹyín lára rẹ̀, tí wọ́n sì kọ sí ìsàlẹ̀ pé ibí yìí ni ìbẹ̀rù ń gbé, tàbí pé ibí yìí ló ń ṣiṣẹ́ tí a bá ń kàwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fọ́tò ni. Kì í ṣe fọ́tò. Ìdáhùn ìṣirò tí wọ́n kun lọ́dà ni.

Ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán náà kò rí èrò. Ẹ̀jẹ̀ ló rí. Ní 1936, Linus Pauling àti Charles Coryell fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ohun tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ ń hùwà lọ́nà ọ̀tọ̀ sí agbára òòfà nígbà tó bá gbé ọ́síjìn àti nígbà tó bá ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ó di 1990 kí Seiji Ogawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bell Laboratories tó lo ìyàtọ̀ yẹn láti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ eku. Bí apá kan ọpọlọ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ tuntun máa ń rọ́ lọ síbẹ̀ ju iye tí ibẹ̀ nílò lọ, àmì tí ẹ̀rọ ń gbà láti ibẹ̀ á sì lọ sókè. Kì í ṣe lójú ẹsẹ̀: ó máa ń tó ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kó tó dé òkè pátápátá. Kì í sì í lọ sókè púpọ̀. Bí àmì láti ibì kan bá jẹ́ 10,000, ohun tí à ń wá lè má ju 100 tàbí 200 lọ, nígbà tí mímí, lílù ọkàn, orí tó mì díẹ̀ àti ooru ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè mú kí nọ́ńbà náà yí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ náà pín ọpọlọ sí wóró kéékèèké tó rí bí ṣúgà onígun mẹ́rin, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ mìlímítà méjì sí mẹ́ta. Voxel ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Wóró ni èmi yóò máa pè é. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ díẹ̀, yóò wọn gbogbo wóró, yóò tún wọn wọn, títí wọn á fi ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwọ̀n fún wóró kọ̀ọ̀kan. Ká ní ẹni tó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ ń fi ìka ta pátákó fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ó sinmi fún ogún, ó tún bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ sítátísíìkì ni láti bi wóró kọ̀ọ̀kan pé: ṣé bí o ṣe ń lọ sókè sódò bá ìka tó ń ta yìí mu? Kóòdù á kó tábìlì kan jọ. Òpó kan dúró fún ìgbà tí ìka ń ta, tí wọ́n ti sún síwájú kó lè bá ìpẹ́ ẹ̀jẹ̀ mu. Àwọn òpó mìíràn dúró fún bí orí ṣe mì. Àwọn mìíràn fún bí ẹ̀rọ ṣe ń yí díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń pẹ́. Yóò wá ìwọ̀n tí òpó ìka ní nínú wóró náà, yóò sì fi ìwọ̀n àìdánilójú pín in. Níbi pípín yìí gan-an ni nọ́ńbà mẹ́ta wa ti padà wọlé. Bí ìwọ̀n àìdánilójú bá kéré ju bó ṣe yẹ lọ nítorí àṣìṣe kóòdù, ìdáhùn á wú, wóró náà á sì pọ́n.

Sọ́fúwíà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò pọ̀. SPM wà, tí Karl Friston dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí 1999. AFNI wà, tí Robert Cox bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Wisconsin ní 1994. FSL ti Oxford jáde ní 2000. Èyí tí mo fẹ́ràn láti fi kọ́ ènìyàn ni Nilearn, àkójọ kóòdù tí wọ́n fi èdè Python kọ, tó ti ọwọ́ àwọn olùwádìí Inria ní Saclay lẹ́bàá Paris bẹ̀rẹ̀. Abala sítátísíìkì rẹ̀ dá dúró tẹ́lẹ̀ ní orúkọ Nistats. Ní 2020 ni wọ́n pa á pọ̀ mọ́ Nilearn. Ẹnikẹ́ni lè ṣí i wò, kó mú un lọ lófẹ̀ẹ́, kó tún ibì kan ṣe, kó sì dá a padà pé, ẹ wo ohun tí mo ṣe. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ á kà á, wọ́n á bi í ní ìbéèrè, wọ́n á ní kó tún un ṣe, tàbí kí wọ́n gbà á wọlé.

Ohun tó ń mú kí kóòdù kíkà yìí le ni pé àwòrán tó dára lè ti inú kóòdù tí kò dára jáde. Ní 2009, Craig Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé òkú ẹja salmon kan sínú ẹ̀rọ MRI. Wọ́n fi àwòrán àwọn ènìyàn hàn án, wọ́n sì ní kó sọ bí nǹkan ṣe rí lára àwọn tó wà nínú àwòrán, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún alààyè. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ láìṣe àtúnṣe fún iye ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn wóró, wóró mélòó kan tàn nínú ọpọlọ òkú ẹja. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí wóró 130,000 bá wà, tí a sì gbà kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì wá lọ́nà lẹ́ẹ̀kan nínú 1,000, nǹkan bí 130 ló máa tàn lásán. Nígbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe tó yẹ, gbogbo rẹ̀ kú. Wọ́n gba Ig Nobel, ẹ̀bùn ìwádìí tó ń pani lẹ́rìn-ín, fún un ní 2012. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ó tọ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìwé ìwádìí tí kò ṣe àtúnṣe náà kò ṣọ̀wọ́n nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹja yẹn dá lórí ohun tí olùwádìí gbàgbé láti ṣe. Ọ̀rọ̀ 2016 wúwo jù bẹ́ẹ̀, torí pé ó kan àwọn tó ṣe àtúnṣe. Anders Eklund àti Hans Knutsson ní Linköping ní Sweden, pẹ̀lú Thomas Nichols tó wà ní Warwick ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó dátà ènìyàn 499 tí ara wọn le jọ. Àwọn ènìyàn yẹn kò ṣe iṣẹ́ kankan nínú ẹ̀rọ. Wọ́n kàn dùbúlẹ̀. Àwọn olùwádìí náà wá fi kèké pín wọn sí ẹgbẹ́, wọ́n díbọ́n bíi pé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ṣe ìṣirò náà nígbà mílíọ̀nù mẹ́ta nínú SPM, FSL àti AFNI. Torí pé kò sí ohun kankan láti rí, ìgbà 5 nínú 100 ni ó yẹ kí sọ́fúwíà sọ pé òun rí nǹkan. Nígbà tí wọ́n bá lo ọ̀nà tó ń ka ọ̀wọ́ wóró tó tàn pọ̀, àwọn ibì kan wà tí ó dé ìgbà 70 nínú 100.

Ohun tó fa ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ìgbàgbọ́ kan tí wọ́n kọ sínú kóòdù: pé ìjọra láàárín wóró kan àti aládùúgbò rẹ̀ máa ń yára dín kù bí ẹ ṣe ń jìnnà. Ní ọpọlọ gidi, ìjọra náà ní ìrù gígùn. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń dán sọ́fúwíà wò, wọ́n tún rí àṣìṣe pọ́ńbélé nínú ètò AFNI kan tó ń jẹ́ 3dClustSim. Iṣẹ́ ètò yìí ni láti ṣe ọpọlọ èké tó jẹ́ kìkì ariwo, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀gbẹ̀rún, kó sì ka bí ọ̀wọ́ wóró tó ń fúnra rẹ̀ yọ ṣe máa ń tóbi tó. Àṣìṣe náà mú kí àyè tí ètò ń wò kéré ju bó ṣe yẹ. Ẹ fojú inú wo ẹni tó fẹ́ mọ bí owó ṣe máa ń já bọ́ sílẹ̀ tó ní ọjà Bódìjà, tó wá ń ṣọ́ ìsọ̀ mélòó kan péré. Yóò rò pé owó kì í já bọ́. Lọ́jọ́ tó bá rí náírà nílẹ̀, yóò pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Bẹ́ẹ̀ ni ètò náà ṣe ń pe ohun tó wọ́pọ̀ ní ohun tó ṣọ̀wọ́n.

Ọdún 15 ni àṣìṣe yẹn fi wà níbẹ̀. Àwọn AFNI tún un ṣe ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, nígbà tí Eklund àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń kọ ìwé ìwádìí wọn lọ́wọ́, àwọn AFNI sì tún ṣe ọ̀nà tuntun tó gba ìrù gígùn yẹn rò. Mi ò sọ èyí láti dá wọn lẹ́bi. Ṣe ni iyì wọn tún ga sí i lójú mi. Kóòdù wọn wà ní gbangba, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi lè mọ ohun tó ń ṣe inú rẹ̀. Èyí tó bá wà nínú àpótí títì lè ní irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún 50 kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí á rántí nínú ìtàn yìí. Ìwé Eklund àti àwọn yòókù kọ́kọ́ sọ pé nǹkan bí ìwádìí 40,000 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìwé ìròyìn gbé e, ariwo ta. Lẹ́yìn náà àwọn fúnra wọn ní kí wọ́n yọ nọ́ńbà yẹn kúrò, Nichols sì ṣírò pé ó súnmọ́ 3,500. Àwọn tó wá àṣìṣe ẹlòmíràn rí gba kí wọ́n wá tiwọn náà.

Báyìí ẹ lè jókòó ti ẹni tó ń yẹ kóòdù wò. Àtúnṣe kan ti dé sórí ìkànnì GitHub. Pull request ni wọ́n ń pè é. Ojú ìwé náà fi ìlà tí wọ́n yọ hàn ní pupa, ó fi èyí tí wọ́n fi kún un hàn ní àwọ̀ ewé. Ẹni tó mú un wá kọ ìdí rẹ̀ sókè: mo mú kí ó yára sí i, mo yí orúkọ yìí padà kó lè yé ènìyàn, mo tún àṣìṣe kan ṣe. Kí olùyẹ̀wò tó ka ìlà kan, ó yẹ kí ó mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Àtúnṣe tó ní òun kàn ń yí orúkọ padà kò gbọ́dọ̀ yí ìdáhùn kankan padà, kódà díjíìtì tó gbẹ̀yìn. Èyí tó ní òun ń mú nǹkan yára gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìdáhùn ṣì dúró síbi tó wà. Èyí tó ń tún àṣìṣe ṣe gbọ́dọ̀ yí ìdáhùn padà, kó sì sọ ọ́ jáde fún gbogbo ayé, torí ẹnì kan wà ní ibì kan tó ti fi ìdáhùn àtijọ́ kọ ìwé. Bí ẹnì kan bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ẹyọ kan, ohun àkọ́kọ́ tí èmi yóò bẹ̀ ẹ́ ni pé kó pín in. Àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sáàárín ìlà tí kò ṣe nǹkan kan.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá dín ìpéye kù ló burú, ibi tí ọgbọ́n olùyẹ̀wò ti ń hàn nìyẹn. Ìwọ̀n wóró kan nísinsìnyí jọ ìwọ̀n rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì sẹ́yìn, ẹ̀rọ ìṣirò sì gbọ́dọ̀ gba ìjọra yẹn rò, kó má bàa ro pé ẹ̀rí méjì ni òun ní nígbà tí ó jẹ́ ọ̀kan tó tún ara rẹ̀ sọ. Ìjọra náà yàtọ̀ láti wóró dé wóró. Ṣíṣe ìṣirò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún wóró ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún máa gba àkókò. Ohun tí Nilearn ń ṣe ni pé ó ń wọn ìjọra náà fún wóró kọ̀ọ̀kan, ó ń gé e sí ìpele ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń ṣírò gbogbo àwọn tó bọ́ sí ìpele kan náà pọ̀. Wóró tí tirẹ̀ jẹ́ 0.312 àti èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 0.318 á jọ wọlé gẹ́gẹ́ bí 0.31. Wọ́n fi ìpéye díẹ̀ ra àkókò púpọ̀. Ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ọ̀nà kejì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ orí yìí ni pé wọ́n mọ iye tí wọ́n san. Wọ́n kọ ọ́ sínú kóòdù níbi tí ojú ti lè rí i.

Ẹ wo òmíràn, tó kéré débi pé ojú lè fò ó. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá ìdáhùn kan jẹ́ oríire lásán: ẹ da orúkọ àwọn ènìyàn nínú dátà rú, kí ẹ ṣírò padà, kí ẹ ṣe é nígbà 10,000, kí ẹ wá ka iye ìgbà tí èyí tí ẹ dà rú bá ìdáhùn gidi dọ́gba tàbí tó jù ú lọ. Bí kò bá sí ẹyọ kan, ẹni tó ń kánjú á kọ òdo sílẹ̀: kò ṣeé ṣe kó jẹ́ oríire. Irọ́ ni. Ètò gidi tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ètò tó ṣeé ṣe, ó yẹ kí ẹ kà á mọ́ wọn lókè àti nísàlẹ̀. Ìdáhùn tó tọ́ ni 1 lórí 10,001. Belinda Phipson àti Gordon Smyth kọ odidi ìwé ìwádìí lé e lórí ní 2010, pé irú nọ́ńbà yìí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo láé. Nínú kóòdù, àmì àròpọ̀ kan àti 1 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń gbá kóòdù mọ́ lè rò pé 1 yẹn ti bọ́ síbẹ̀ ṣèèṣì, kó sì yọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀ràn ọ̀tún àti òsì, èyí tó máa ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn dókítà sábà máa ń wo àwòrán bíi pé aláìsàn kọjú sí wọn, tí òsì rẹ̀ fi bọ́ sí ọ̀tún wọn. Àwọn olùwádìí mìíràn máa ń fi òsì sí òsì. Nọ́ńbà mélòó kan nínú fáìlì ló ń sọ èyí tí ẹ ń wò, ọpọlọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì ara rẹ̀, ojú kò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ bí kóòdù bá yí i padà. Àwòrán á ṣì dára. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, òsì ni ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé, oníṣẹ́ abẹ sì nílò láti mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń lẹ kápúsù fítámì E mọ́ apá ọ̀tún orí kí ènìyàn tó wọ inú ẹ̀rọ: ó máa ń tàn nínú àwòrán. Bí àtúnṣe kóòdù bá fọwọ́ kan ibi tó ń yí àyè padà, kí olùyẹ̀wò bèèrè fún ohun tó dà bíi kápúsù yẹn, dátà tí apá ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí òsì, kí wọ́n sì rí i pé ó jáde síbi tó yẹ.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń ṣe apá kan nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tí àtúnṣe bá dé, gbogbo ìdánwò tó ti wà nílẹ̀ á wáyé lórí Linux, Windows àti macOS. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kí ló dé tí ẹ̀rọ kan kò tó. Ní 2012, Ed Gronenschild àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands fi FreeSurfer, sọ́fúwíà mìíràn tó ń wọn ọpọlọ, wọn àwọn ọpọlọ kan náà. Láti ẹ̀dà FreeSurfer kan dé òmíràn, ìwọ̀n àwọn apá ọpọlọ yàtọ̀ ní ìpíndọ́gba ìdá 8.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú kọ̀ǹpútà tí wọ́n lò náà tún mú ìyàtọ̀ wá, bó tilẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ẹnikẹ́ni kò súnkì. Ṣùgbọ́n ìdánwò kò lè bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú rẹ̀. Bí gbogbo dátà ìdánwò bá jẹ́ nọ́ńbà kéékèèké tó yí òdo ká, bí ó ṣe sábà máa ń rí, ọ̀nà kejì mi tó yára yẹn á kọjá lórí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo àmì á sì tàn ní àwọ̀ ewé. Ènìyàn ló máa bèèrè pé: bí nọ́ńbà bá tóbi ńkọ́? Bí wóró kan bá jẹ́ òdo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin torí pé ó bọ́ sí ìta orí ńkọ́? Bí dátà bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo ńkọ́?

Bí wọ́n ṣe ń bèèrè náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mú àtúnṣe wá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún, tó fi alẹ́ ṣe é. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n. Olùyẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ ní ẹ ṣé, ẹ kú iṣẹ́, á sọ ohun tó dára nínú rẹ̀, á wá bèèrè dípò kó pàṣẹ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dán èyí wò pẹ̀lú nọ́ńbà ńlá, kí ni ẹ rí? Ẹni tí wọ́n bá bú lójú gbogbo ayé kì í padà wá, ojú kan á sì ti dín kù lára kóòdù náà. Mo ti rí ìbéèrè kan ṣoṣo tó sọ ẹni tó ń bẹ̀rù di ẹni tó ń yẹ kóòdù ẹlòmíràn wò láàárín ọdún kan.

Mo fẹ́ kí àwọn ojú náà ti ọ̀dọ̀ wa wá pẹ̀lú. Ní 2018, Godwin Ogbole ti Ìbàdàn àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde: ẹ̀rọ MRI 84 péré ni wọ́n kà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fún àwọn ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 370, 58 nínú wọn wà ní Nàìjíríà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ àwòrán ọpọlọ níbí lè má rí àyè dé ìdí ẹ̀rọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò nílò rẹ̀ kí ó tó lè yẹ kóòdù wò. Dátà ọpọlọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wà lófẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì OpenNeuro. Kóòdù wà lófẹ̀ẹ́. Python wà lófẹ̀ẹ́. Ohun tó máa ná an ni kọ̀ǹpútà alágbèéká, dátà fóònù, iná tó dúró fún wákàtí mélòó kan, àti sùúrù láti ka ohun tí ẹlòmíràn kọ títí yóò fi yé e. Àwọn àkójọ kóòdù yìí ni wọ́n máa fi ṣírò ọpọlọ àwọn ènìyàn wa nígbà tí ẹ̀rọ bá pọ̀ sí i, àwọn tó sì ti mọ inú rẹ̀ ṣáájú ló lè sọ ibi tí kò ti bá wa mu.

Ní ti àtúnṣe ọ̀nà kejì tí mo fi bẹ̀rẹ̀, kò yẹ kí wọ́n dá a padà lásán. Ẹni tó mú un wá fẹ́ kí ó yára, ohun tó dára ló fẹ́. Olùyẹ̀wò lè fi ọ̀nà kan hàn án: kó yọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ kúrò lára gbogbo wọn kó tó bẹ̀rẹ̀. 10,000, 10,001 àti 10,002 á di òdo, 1 àti 2. Tí ó bá wá fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, òdo, 1 àti 4 ni. Iye àárín wọn jẹ́ 5 lórí 3. A yọ 1 kúrò, ó ku 2 lórí 3, gẹ́lẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ṣì máa la dátà kọjá. Kí wọ́n tó gbà á wọlé, wọ́n á ní kó kọ ìdánwò kan mọ́ ọn, ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí nọ́ńbà mẹ́ta yẹn wà nínú rẹ̀ ní float32, kó sì bèèrè bóyá ìdáhùn jẹ́ nǹkan bí 0.67. Láti ọjọ́ náà lọ, nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni níbikíbi bá fọwọ́ kan ìṣirò náà, nọ́ńbà mẹ́ta yẹn á kọ́kọ́ kọjá níbẹ̀.